Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Àwọn Ènìyàn Tí Ó Wà Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Ibà Pọ́njú-pọ́ntọ̀

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn arìnrìn-àjò ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní yellow fever, àwọn tí ó kọ̀wé sì fẹ́ mọ àwọn ènìyàn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ju bí wọ́n ti fẹ́ mọ oògùn rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a ṣe fi gbogbo àyè wa lóṣù yìí fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí wọ́n ń béèrè padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Oníṣòwò aṣọ ni mí, ọ̀nà Èkó sí Accra ni mo sì ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ẹnubodè, wọn kì í yé béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ wa. Ọmọ mi tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Ghana ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún wa kí wọ́n tó fún wa ní káàdì náà, àti pé Yaba níbí ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìdúmọ̀tà, Èkó)

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ kú ìrìn, ọjà á tà o. Ọmọ yín kò ṣì yín lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí n fi kún un ni pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ni ó wà nínú abẹ́rẹ́, bí kò ṣe kòkòrò àrùn tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì rọra sọ di aláìlágbára títí tí kò fi lè dá ibà náà sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1925, Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ sí Yaba láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Henry Beeuwkes sì ni olórí rẹ̀. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti gbà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ohun tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ohun tí ẹ̀fọn náà ń gbé gan-an, wọn kò sì rí ọ̀nà tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé wọn kò ní ẹranko tí wọ́n lè fi àrùn náà dán wò. Bí wọ́n bá gún ẹmọ́ òyìnbó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀bọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú kì í sábà kú nínú rẹ̀, nítorí pé òun àti àrùn náà ti jọ ń gbé inú igbó kan náà láti ayébáyé. Ni wọ́n bá lọ ra ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rhesus, tí ìran rẹ̀ kò bá ibà náà pàdé rí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927, Alexander Mahaffy, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan nínú ìgbìmọ̀ náà, wà ní Kpeve, ní apá ibi tí a mọ̀ sí agbègbè Volta ní Ghana òde òní. Níbẹ̀ ni ó ti bá ọkùnrin kan pàdé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, tí ara rẹ̀ gbóná ṣùgbọ́n tí àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ le lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, wọ́n sì fi gún àwọn ẹranko mélòó kan. Àwọn yòókù kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, àìsàn náà ti gbé ọ̀bọ Íńdíà ṣánlẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ náà fún ọ̀bọ mìíràn, wọ́n sì tún jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé e láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì kú. Ọwọ́ wọn ti tẹ ohun tí gbogbo ayé ìṣègùn ń wá láti ọdún yìí wá.

Adrian Stokes wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ireland ni, ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní London, ó sì gba àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ láti wá sí Èkó. Òun pẹ̀lú Johannes Bauer àti Paul Hudson da ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí ń ṣàìsàn gba inú asẹ́ kan tí ojú ihò rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Omi tí ó ro sísàlẹ̀ asẹ́ náà ṣì ń fa ibà síbẹ̀. Ó wá hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe bakitéríà. Kí wọ́n tó tẹ ìwé ìwádìí náà jáde, ibà mú Stokes fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ó mọ ohun tí ń ṣe òun. Ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun lórí ibùsùn àìsàn, kí wọ́n sì la òkú òun wò bí òun kò bá yè é. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti wí. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927, ẹni 40 ọdún. Asibi ní tirẹ̀, ara rẹ̀ yá.

Láti ibẹ̀, kòkòrò àrùn Asibi wọ ọkọ̀ òkun lọ sí òkè òkun. Ní New York, Max Theiler, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n bí sí Pretoria, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ nínú ìgò. Ó kọ́kọ́ fi ẹran ara ọmọ eku tí wọn kò tíì bí tọ́ ọ, lẹ́yìn náà ó lo ti ọmọ adìyẹ inú ẹyin, níkẹyìn ó wá lo ọmọ adìyẹ tí a ti yọ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí kòkòrò náà má baà rí ọpọlọ jẹ tí yóò fi mọ bí a ṣe ń bá ọpọlọ jẹ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i nípò láti inú ìgò kan bọ́ sí òmíràn. Láàárín ìgbà tí wọ́n ṣí i nípò ní ìgbà 89 sí ìgbà 114, agbára àti pa ènìyàn kúrò lára rẹ̀. Èyí ni wọ́n sọ ní 17D, tí Theiler àti Hugh Smith kéde rẹ̀ ní ọdún 1937. Kí ọdún 1938 tó parí, wọ́n ti fi gún ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ní Brazil. Gbogbo abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé lónìí, ìyá wa, títí kan èyí tí wọ́n gún yín, àrọ́mọdọ́mọ kòkòrò tí wọ́n bá lára Asibi ni.

Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951, ó sì tọ́ sí i. Òun pẹ̀lú ti kó ibà náà nínú yàrá ìwádìí ní ọdún 1929, orí ni ó kó o yọ. Síbẹ̀, mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ Áfíríkà, Kpeve ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé New York. Yàrá ìwádìí gbogbo ní ayé ń pe kòkòrò náà ní Asibi títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dárúkọ yẹn lójoojúmọ́ kò rántí pé orúkọ ènìyàn ni. Ní Yaba bákan náà, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè wa, NIMR, ka ìgbìmọ̀ Rockefeller mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá ni a ti sọ fún pé àdúgbò wọn ni ìmọ̀ yìí ti jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ wa sọ pé Walter Reed ni ó ṣàwárí pé ẹ̀fọn ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ṣùgbọ́n mo kà níbòmíràn pé ará Cuba kan ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ta ni kí n kọ sínú ìdánwò? Ṣé lóòótọ́ sì ni pé àwọn dókítà jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ àwọn fúnra wọn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÈSÌ: Ọmọ mi, kọ orúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ti Carlos Finlay ṣáájú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1881 ni ó dìde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Havana, tí ó sì tọ́ka sí irú ẹ̀fọn tí ó jẹ̀bi gan-an, ẹ̀fọn inú ilé tí ń yé sínú ìkòkò omi àti agolo. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi ń fi í rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé àwọn tí ń rẹ́rìn-ín náà kò ní ìdí rárá. Finlay dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì jẹ́ bí ó ti rò, nítorí pé ohun méjì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àìsàn náà nìkan ni ẹ̀fọn lè rí i kó lára aláìsàn. Èkejì ni pé bí ó bá ti kó o tán, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ọjọ́ méjìlá kí ó tó lè fún ẹlòmíràn. Finlay kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ẹ̀fọn rẹ̀ jẹ ẹni tí ara rẹ̀ le. Henry Carter, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń tọpa àìsàn náà láti ilé dé ilé ní Mississippi ní ọdún 1898, ni ó kíyè sí i pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ó máa ń wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ tí ó dùbúlẹ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ Reed lọ sí Cuba ní ọdún 1900, Finlay fúnra rẹ̀ ni ó fún wọn ní ẹyin ẹ̀fọn tí wọ́n lò. Ẹ wo irú ọkàn tí ẹni tí a ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ogún ọdún yóò ní kí ó tó lè ko irúgbìn iṣẹ́ rẹ̀ fún àjèjì! Jesse Lazear, ọ̀kan nínú àwọn dókítà ìgbìmọ̀ náà, ni ó tọ́ ẹyin náà dàgbà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, James Carroll, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà, jẹ́ kí ẹ̀fọn kan jẹ òun, ó sì ṣàìsàn débi pé díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ibà náà mú Lazear. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé òun náà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹ̀fọn náà ní apá rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ni ó kú, ẹni ọdún 34, ó fi ìyàwó àti ọmọ kéékèèké méjì sílẹ̀, ìkejì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò fojú kàn rí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Reed kọ́ àgọ́ kan tí ó fi orúkọ Lazear sọ, ó sì kọ́ ilé méjì síbẹ̀. Nínú ọ̀kan, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sùn fún ogún òru lórí ibùsùn àti nínú aṣọ tí àwọn aláìsàn ti bì sí, tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fara dà, kò sì sí èyí tí ó ṣàìsàn nínú wọn. Ilé kejì mọ́ tónítóní, nẹ́ẹ̀tì onírin ni wọ́n fi pín in sí méjì, wọ́n sì tú ẹ̀fọn sí apá kan. Apá tí ẹ̀fọn wà ni ibà ti mú ènìyàn. Bí wọ́n ṣe dáhùn ìbéèrè tí ó ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn nìyẹn.

Àwọn tí ń ṣe ìdánwò yìí pẹ̀lú wọn kì í ṣe ọmọ ogun Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ tálákà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Spain dé wà níbẹ̀, Reed sì fún wọn ní ìwé àdéhùn ní èdè Spanish láti fọwọ́ sí: 100 dọ́là wúrà fún ẹni tí ó bá gbà, 100 mìíràn bí ó bá ṣàìsàn. Lára ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìwádìí ìṣègùn ni àwọn ènìyàn ń kà á sí, ó sì sàn púpọ̀ ju kí a gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ láìsọ fún un lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ro bí 100 dọ́là wúrà yóò ti tó lójú ẹni tí kò ní ilé, tí kò ní iṣẹ́, ní ìlú àjèjì, n kì í lè sọ pé ó ní agbára láti kọ̀ ọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà kan, Clara Maass, tí ó ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ìyá rẹ̀, jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun ní Havana, nígbà tí ó sì tún un ṣe, ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1901, ẹni ọdún 25. Ariwo tí ó tẹ̀lé ikú rẹ̀ ni ó fi òpin sí fífi ènìyàn ṣe ìdánwò níbẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ ní ọdún kan náà, William Gorgas, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ìmọ́tótó ìlú náà, ti da omi adágún nù, ó ti bo ìkòkò, ó ti da òróró sójú kòtò omi, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Havana.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Accra, mo rí ilé iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan ní Yunifásítì Ghana ní Legon tí wọ́n fi orúkọ ará Japan sọ, Noguchi. Wọ́n ní Accra ni ó kú sí. Kí ni ó gbé e dé ibẹ̀? (Bàbá olùkọ́, Abẹ́òkúta)

ÈSÌ: Bàbá, ìbéèrè yín yìí ni mo gbádùn jù nínú gbogbo èyí tí a rí gbà.

Ọmọ àgbẹ̀ aláìní ni Hideyo Noguchi. Ọdún 1876 ni wọ́n bí i ní abúlé kan ní Inawashiro, ní ìpínlẹ̀ Fukushima. Nígbà tí ó ṣì ń kọ́ ìrìn, ó ṣubú sínú ààrò, iná sì jó ọwọ́ òsì rẹ̀ títí tí àwọn ìka rẹ̀ fi lẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ yẹn kò lè di ọkọ́ mú. Ìyá rẹ̀, Shika, pinnu pé bí ọmọ òun kò bá lè roko, ìwé ni yóò kọ́. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ fún iṣẹ́ abẹ tí ó tú díẹ̀ nínú ìka náà sílẹ̀, dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn ni ọmọ náà sì tẹ̀lé kọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1900 ó ti wà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1913 ó fi hàn pé kòkòrò àtọ̀sí ẹlẹ́kùkù, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní syphilis, ni a máa ń bá nínú ọpọlọ irú àwọn wèrè kan, orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé.

Shika kò mọ ìwé. Ó di àgbà kí ó tó tún álífábẹ́ẹ̀tì kọ́, kí ó baà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1912, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ léraléra pé kí ó tètè máa bọ̀ wálé. Lẹ́tà náà ṣì wà ní Japan di òní, àwọn ènìyàn ń lọ wò ó. Ọmọ náà wálé ní ọdún 1915. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá náà papò dà.

Ọdún 1918 yẹn náà ni Noguchi lọ sí Guayaquil ní Ecuador, tí ó sì kéde pé òun ti rí bakitéríà tí ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ó ṣe abẹ́rẹ́ fún un, wọ́n sì gún un fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àṣìṣe ni. Bakitéríà tí ó rí jẹ́ ti àrùn mìíràn tí òun pẹ̀lú máa ń mú kí ojú pọ́n, èyí tí ìtọ̀ eku ń fà. Ní ọdún 1926, Max Theiler tí mo mẹ́nu bà lókè, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, wà lára àwọn méjì tí ó fi hàn pé bakitéríà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn èyí ni ìròyìn dé láti Yaba pé nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi, bakitéríà Noguchi kò sí rárá, àti pé Stokes ti kú.

Noguchi kò jókòó sí New York kí ó máa fi ìwé jà. Ó wọ ọkọ̀ wá sí Áfíríkà, ó dé Accra ní oṣù Kọkànlá ọdún 1927, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru pẹ̀lú ọ̀bọ púpọ̀ nínú yàrá ìwádìí tí William Young ń ṣàkóso. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928 ni ibà náà mú un. Wọ́n ní ó sọ fún Young pé ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Young ni ó yẹ òkú rẹ̀ wò, kò sì tó ọjọ́ mẹ́wàá tí òun náà fi kú ikú kan náà.

Àwọn kan ń sọ ìtàn Noguchi bí ìtàn agbéraga tí ó gba ẹ̀san. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó yára kéde ohun tí kò dá a lójú tó, ó sì pẹ́ kí ó tó gbọ́rọ̀ sí àwọn tí ń bá a jiyàn, ìyẹn kò ṣeé fi bò. Ṣùgbọ́n ó wá síbi tí òtítọ́ wà láti fi ojú ara rẹ̀ rí i, nígbà tí ó mọ̀ pé ibi yẹn ń pa ènìyàn. Àwọn ará Japan tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó 1,000 yen wọn láti ọdún 2004 títí di 2024. Ilé iṣẹ́ tí ẹ rí ní Legon, ọdún 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ Ghana tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ó sì wà ní iwájú nínú àyẹ̀wò kòrónà ní orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2020.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò lè pa ènìyàn dúdú, pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó ń pa, nítorí ẹ̀jẹ̀ wa le ju tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo gbọ́ pé ó jà ní ìlú wa nígbà kan rí. Èwo ni òótọ́? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÈSÌ: Èkejì ni òótọ́. Ó jà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1987, ó sì pa ènìyàn púpọ̀, àwa dúdú ni wọ́n. Ohun tí àwọn àgbà rí kì í ṣe irọ́, ìdí tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àrùn náà bá ti ń jà lóòrèkóòrè, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ń mú, ó sì sábà máa ń rọrùn lára ọmọdé ju àgbàlagbà lọ. Ọmọ tí ó bá yè é ti ní ààbò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Òyìnbó tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní Èkó kò ní irú ààbò yẹn, ọmọ Yorùbá tí kò bá sì kó o rí, tí kò sì gba abẹ́rẹ́, kò ní in bákan náà.

Ìgbàgbọ́ yẹn ti pa ènìyàn. Ní ọdún 1793, nígbà tí ibà yìí ń pa nǹkan bí ènìyàn 5,000 ní Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Dókítà Benjamin Rush gbà pé kò lè mú ènìyàn dúdú, ó sì bẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà pé kí wọ́n wá tọ́jú àwọn aláìsàn tí àwọn ẹbí wọn ti sá fi sílẹ̀. Absalom Jones àti Richard Allen, tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, kó àwọn ènìyàn wọn jọ. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n gbé òkú, wọ́n gbẹ́ sàréè. Àrùn náà mú wọn, ó sì pa ju 200 lọ nínú wọn. Nígbà tí ó rọlẹ̀, òǹtẹ̀wé kan, Mathew Carey, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kan nínú wọn jí ohun ìní àwọn aláìsàn, wọ́n sì gba owó gegere. Jones àti Allen kọ ìwé tiwọn ní ọdún 1794, wọ́n ṣe ìṣirò owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, wọ́n sì fi hàn pé àwọn ni gbèsè wà lọ́rùn wọn. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá tún sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ wa le gbọ́ ìtàn yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ náà ṣe àwọn sójà Amẹ́ríkà ní ìjàǹbá nígbà ogun Hitler? Ṣé dandan sì ni kí n tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? (Awakọ̀, Ìbàdàn)

ÈSÌ: Lóòótọ́ ni. Ní ọdún 1942, wọ́n fi omi inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pò ó kí ó má baà bàjẹ́, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn sì ní àrùn ẹ̀dọ̀ irú B láìmọ̀. Nǹkan bí 50,000 sójà ni ojú wọn pọ́n tí wọ́n fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà sì fi hàn pé àwọn tí ó kó o tó 330,000. Ní ọdún 1942 náà ni wọ́n ti pa lílo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tì, wọn kò sì fi ṣe é mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ní ti ọdún mẹ́wàá, òfin ìrìn-àjò láàárín orílẹ̀-èdè yí padà ní oṣù Keje ọdún 2016. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún ọjọ́ ayé ẹni, káàdì tí ẹ ti gbà ṣáájú ọdún yẹn náà sì ti di ti ọjọ́ ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè owó lọ́wọ́ yín ní ẹnubodè nítorí pé káàdì yín ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ sọ òfin yìí fún un.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Bí wọ́n bá ti mọ ẹ̀fọn tí ń gbé e, tí wọ́n sì ti ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ló dé tí wọn kò tíì pa á run bí wọ́n ti pa ìgbóná run? (Abiyamọ, Ìlọrin)

ÈSÌ: Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á dá a sí. Ènìyàn nìkan ni ìgbóná ń mú, nítorí náà nígbà tí kò rí ẹni tí yóò mú mọ́, ó parí. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní ilé mìíràn. Gorgas àti àwọn tí ó tẹ̀lé e rò pé bí a bá ti pa ẹ̀fọn inú ìlú ńláńlá, yóò tán nílẹ̀, títí di ọdún 1932 tí wọ́n rí i ní Espírito Santo ní Brazil, níbi tí ẹ̀fọn inú ilé kò sí rárá. Inú igbó ni ó wà, láàárín ọ̀bọ àti ẹ̀fọn orí igi, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní ilẹ̀ wa. Nígbàkúùgbà tí ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ bá wọ igbó bẹ́ẹ̀, ó lè gbé e bọ̀ wá sílé.

Ní ìpínlẹ̀ yín ni ó ti tún yọjú ní ọdún 2017, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, lára ọmọ ọdún méje. Láti ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà lára èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń gún ti ìta. Bí oṣù náà bá ti pé, ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.